Ọfà Ojú Harold: Àkọsílẹ̀ lórí Ibi Kan Ṣoṣo nínú Iṣẹ́ Abẹ́rẹ́ Bayeux

Nítòsí ìparí aṣọ kan tí gígùn rẹ̀ lé ní mítà 68, aṣọ tí ìlú Bayeux ní ẹkùn Nọ́mándì nílẹ̀ Faransé ń tọ́jú, ọkùnrin kan dúró láàárín ogun, ó gbé ojú sókè, ó sì na ọwọ́ mú ohun tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí ó dà bíi pé ó ti wọ ojú rẹ̀. Orúkọ Harold wà lókè àṣíborí rẹ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni ọkùnrin mìíràn ti ń ṣubú lulẹ̀: àáké ń bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ẹlẹ́ṣin kan sì bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹṣin, ó ń fi idà ṣá a ní itan. Lókè ẹni kejì yìí ni ìparí gbólóhùn Látìnì tó wà níbẹ̀ bọ́ sí. Odidi gbólóhùn náà nìyí: HIC HAROLD REX INTERFECTUS EST, èyí tí ó túmọ̀ sí pé ibí yìí ni wọ́n ti pa Ọba Harold.

Ogun Hastings ni aṣọ náà ń ròyìn, ogun tí wọ́n jà ní ọjọ́ 14 oṣù Ọ̀wàrà ọdún 1066, nígbà tí William, Dúùkù Nọ́mándì, ṣẹ́gun Harold tí ó sì gba ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Kò sí ẹni tó ń jiyàn pé Harold kú lọ́jọ́ náà. Ohun tí àkọsílẹ̀ yìí ń wá ìdí rẹ̀ kéré gan-an sí ìyẹn: ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tó wà lójú ọkùnrin àkọ́kọ́, ṣé ọfà ni nígbà tí àwọn tó kọ́kọ́ rán aṣọ náà gbé abẹ́rẹ́ wọn kúrò lórí rẹ̀? Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọdé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé ọfà ló wọ ojú Harold, aṣọ yìí ni wọ́n sì sábà máa ń fi hàn wọ́n gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń jiyàn lórí ọ̀rọ̀ náà máa ń ti inú ìwé ìtàn bẹ̀rẹ̀, ìgbà tí ìwé bá sì tako ara wọn tán ni wọ́n tó máa ń pe aṣọ wá jẹ́rìí. Lójú tèmi, ibi tí ó yẹ kí a parí sí ni wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀. Òwú àti ihò abẹ́rẹ́ ni a ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò níhìn-ín, a ó sì pe àwọn òpìtàn nígbà tí ó bá kan wọ́n.

Aṣọ tí wọ́n rán àwòrán sí

Orúkọ tí ayé fi mọ aṣọ yìí lédè Gẹ̀ẹ́sì (Bayeux Tapestry) àti lédè Faransé (Tapisserie de Bayeux) jẹ́ orúkọ irú aṣọ tí wọ́n hun àwòrán sí lára láti orí òfì. Orúkọ náà kò bá a mu, bí ó tilẹ̀ ti pẹ́ tí wọ́n ti ń pè é bẹ́ẹ̀. Àwọn ahunṣọ ti parí iṣẹ́ tiwọn pátápátá, wọ́n ti gbé aṣọ ọ̀gbọ̀ funfun sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni tó fi abẹ́rẹ́ kàn án láti ya ènìyàn tàbí ẹṣin kan sí i lára. Àwa tí à ń sọ Yorùbá kò ní ìdí láti ṣi èyí mú, nítorí iṣẹ́ ẹni tó hun aṣọ àti iṣẹ́ ẹni tó fi abẹ́rẹ́ ṣọnà sí i kì í jẹ́ orúkọ kan náà lẹ́nu wa.

Mo tẹnu mọ́ ìyàtọ̀ yìí nítorí pé òun ni ó bí gbogbo ẹjọ́ tí à ń rò. Nínú aṣọ tí wọ́n hun àwòrán sí, òwú tó gbé àwòrán ni òwú tó di aṣọ náà mú, ẹni tó bá sì fẹ́ yí àwòrán padà yóò ní láti tú aṣọ fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ́rẹ́ kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹnìkan lè yọ òwú kan kúrò, kí ó fi òmíràn rọ́pò rẹ̀, tàbí kí ó fi ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ kún un, aṣọ ọ̀gbọ̀ tó wà lábẹ́ kò sì ní já. Ẹni tó ń wòran lọ́ọ̀ọ́kán kò ní mọ̀. Ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ tó bá gba ara aṣọ ọ̀gbọ̀ kọjá máa ń ya àwọn fọ́nrán rẹ̀ sọ́tọ̀, ihò rẹ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dí, kódà lẹ́yìn tí òwú ti jábọ́ tipẹ́tipẹ́. Nítorí náà, ẹ̀rí oríṣi méjì ló wà lára irú aṣọ bẹ́ẹ̀: òwú tí a ń rí, àti ihò tí òwú ti kúrò nínú rẹ̀. Kì í ṣe gbogbo ìgbà ni àwọn méjèèjì máa ń sọ ohun kan náà.

Ìrépé aṣọ ọ̀gbọ̀ 9 ni wọ́n rán pọ̀ tí ó fi di aṣọ Bayeux, fífẹ̀ rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdajì mítà péré. Òwú irun àgùntàn ni wọ́n fi ṣe ọnà náà, ní àwọ̀ tí ó tó 10. Nígbà tí àwọn onímọ̀ yẹ ẹ̀yìn aṣọ náà wò ní 1982 àti 1983, wọ́n rí i pé ewéko mẹ́ta péré ni wọ́n fi pa gbogbo òwú àkọ́kọ́ láró: gbòǹgbò madder tí ó ń mú pupa wá, weld tí ó ń mú àwọ̀ ìyeyè wá, àti woad tí ó ń mú àwọ̀ aró wá. Àpòpọ̀ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta àti iye ìgbà tí wọ́n ri òwú bọ inú ìkòkò aró ni wọ́n fi rí gbogbo àwọ̀ yòókù. Àwọn òwú wọ̀nyí ti dúró ju bí ẹnikẹ́ni ṣe lè rò lọ. Òwú tí àwọn alátùn-únṣe ọ̀rúndún 19 fi kún un ni ó ṣá ní tirẹ̀, tí ó fi jẹ́ pé ibi tí àwọ̀ ti ṣá lójú aṣọ náà lónìí sábà máa ń jẹ́ ibi tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tíì pẹ́.

Ọ̀nà méjì pàtàkì ni wọ́n gbà rán an. Fún inú ènìyàn, ẹṣin àti ọkọ̀ ojú omi, wọ́n kọ́kọ́ na òwú ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn títí tí ó fi bo gbogbo ojú ibẹ̀, wọ́n wá na òmíràn dábùú rẹ̀ ní àlàfo-àlàfo, wọ́n sì fi rírán kéékèèké so èyí tó dábùú yìí mọ́ aṣọ. Ọ̀nà yìí ń jẹ́ kí òwú pọ̀ níwájú ju ẹ̀yìn lọ, kò sì í fi òwú ṣòfò. Fún ìlà etí àwòrán, fún lẹ́tà, àti fún ohun tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn, ọ̀kọ̀ àti ọfà, wọ́n lo rírán mìíràn tí abẹ́rẹ́ ń lọ síwájú tí ó sì ń padà sẹ́yìn díẹ̀ kí ó tó tún jáde, tí òwú kọ̀ọ̀kan fi ń gun ẹ̀gbẹ́ èyí tó ṣáájú rẹ̀ bí okùn tí wọ́n lọ́. Ẹ jẹ́ kí a fi èyí sọ́kàn dáadáa: ọfà kan lára aṣọ yìí kò ju ìlà kan ṣoṣo lọ, pẹ̀lú rírán kúkúrú bíi mélòó kan ní ìdí rẹ̀ tí ó dúró fún ìyẹ́. Ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ lò yóò parí rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Ìyàtọ̀ láàárín ọfà àti ọ̀kọ̀ níhìn-ín kò sì ju ìyẹ́ yẹn lọ àti bí ìlà náà ṣe gùn tó.

Ibi tí aṣọ náà gbà kọjá

Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé Odo, bíṣọ́ọ̀bù Bayeux tí ó jẹ́ iyèkan William, ni ó ní kí wọ́n ṣe aṣọ náà, pé ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n ti rán an, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ ní Canterbury, àti pé iṣẹ́ náà wáyé láàárín àwọn ọdún 1070 sí 1079. Àkọsílẹ̀ àkọ́kọ́ tó dárúkọ rẹ̀ ní pàtó jẹ́ ti ọdún 1476, nínú ìwé tí wọ́n fi ka àwọn ohun ìní Kàtídírà Bayeux. Ìwé náà sọ pé wọ́n máa ń ta á yí inú ilé ìjọsìn náà ká ní àkókò àjọ̀dún kan lọ́dọọdún. Ẹni tó bá ti rán aṣọ rí yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí: lọ́dọọdún, wọ́n ń tú u, wọ́n ń gbé e kọ́, wọ́n ń sọ ọ́ kalẹ̀, wọ́n sì ń ká a, fún ọ̀pọ̀ ìran. Ibi tí ọ̀rọ̀ wa dá lé ni ìran 57 nínú 58 tí wọ́n kọ nọ́ńbà sí. Ìparí aṣọ náà gan-an ti já sọnù, àwọn ìran tó sì sún mọ́ ibi tó ti já wà lára àwọn tó jìyà jù.

Ní 1792, láàárín rúkèrúdò ìyípadà ìjọba nílẹ̀ Faransé, wọ́n mú aṣọ náà láti fi bo ẹrù kẹ̀kẹ́ ogun, lọ́yà kan ní ìlú náà, Lambert Léonard-Leforestier, ni ó sì gbà á kalẹ̀. Ní 1803 Napoléon ní kí wọ́n gbé e wá sí Paris kí àwọn ará ìlú wò ó, ní àkókò tí òun fúnra rẹ̀ ń gbèrò láti kọlu ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn tí ó padà sí Bayeux, wọ́n ká a mọ́ ara ẹ̀rọ onígi kan tí wọ́n ń yí fún àlejò tó bá fẹ́ wò ó, tí aṣọ á máa ti ara igi kan bọ́ sí ara èkejì. Kò sí ìyà tó burú fún òwú irun àgùntàn tó ti tó ọ̀rúndún méje ju èyí lọ. Ní 1842 ni wọ́n tó tẹ́ ẹ sábẹ́ gíláàsì, nígbà yẹn náà ni wọ́n sì tún ọ̀pọ̀ ibi rẹ̀ rán.

Àwọn ayàwòrán mẹ́ta

Àwòrán tí àwọn ènìyàn yà kí àtúnṣe 1842 tó wáyé ni ẹlẹ́rìí wa tó ṣe pàtàkì jù lẹ́yìn aṣọ fúnra rẹ̀, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ náà sì ti lọ́jú pọ̀.

Bernard de Montfaucon, àlùfáà àti onímọ̀ ohun àtijọ́, ni ó kọ́kọ́ fẹ́ tẹ àwòrán gbogbo aṣọ náà jáde. Ó rán ayàwòrán kan tí ń jẹ́ Antoine Benoît lọ sí Bayeux, ó sì kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ yí ohunkóhun padà nínú ohun tí ó bá rí. Nínú àwòrán tí Benoît fi ọwọ́ yà ní 1729, ohun tó wà lọ́wọ́ ọkùnrin àkọ́kọ́ kì í ṣe ìlà tó dán. Àmì tótòtó ni ó fi sí i, tí ó tò tẹ̀léra, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ń ya ihò abẹ́rẹ́ tí òwú ti jábọ́ kúrò nínú rẹ̀. Àwọn àmì náà gùn ju ọfà tó wà níbẹ̀ lónìí lọ, ọ̀nà tí wọ́n gbà tẹ̀ sì yàtọ̀ sí ti ìsinsìnyí. Kò sí ìyẹ́ kankan ní ìdí wọn. Gbogbo ọfà yòókù lára aṣọ náà ló ní ìyẹ́.

Ìgbà tí wọ́n fín àwòrán náà sára bàbà kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ sínú ìwé Montfaucon ní 1730, àwọn àmì tótòtó yẹn ti di ìlà gígùn kan tó dán. Nínú ìwé yẹn, ọkùnrin náà dà bí ẹni tó gbé ọ̀kọ̀ sókè ejìká tí ó fẹ́ jù ú, gẹ́gẹ́ bí ọmọ ogun mìíràn tó wà lápá òsì rẹ̀ ti ń ṣe. Afínbàbà kò lọ sí Bayeux. Ohun tí Benoît gbé wá ló rí, ó sì fi ọgbọ́n orí ara rẹ̀ parí rẹ̀. Báyìí ni àwòrán méjì tó wá láti ọwọ́ iṣẹ́ kan náà, tí ọdún kan péré ya sọ́tọ̀, ṣe ń sọ ohun tó yàtọ̀ síra.

Ẹni kẹta ni Charles Stothard, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tí Society of Antiquaries ti London rán lọ ní 1816 láti ya gbogbo aṣọ náà ní àwọ̀. Nínú àwòrán rẹ̀ tí wọ́n tẹ̀ láti 1819 lọ ni ọfà tó ní ìyẹ́ ti kọ́kọ́ hàn lójú Harold. Stothard jẹ́ ayàwòrán tó fara balẹ̀, ó sì jẹ́ olóòótọ́ débi pé ó ṣàlàyé bí ó ṣe ṣiṣẹ́: níbi tí òwú ti parẹ́, ó sọ pé òun tọpa ihò abẹ́rẹ́ àti ṣẹ́kùṣẹ́kù òwú tó há sínú wọn, òun sì fi ìyẹn dá àwòrán padà sí bí ó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Ìyẹn ni pé àwòrán rẹ̀ kì í ṣe ẹ̀dà ohun tó wà lójú aṣọ nígbà náà nìkan. Ìdájọ́ rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Ó ṣeni láàánú pé kò fi àmì sí ibi tí ojú rẹ̀ ti rí òwú gan-an àti ibi tí ó ti gbára lé ihò. (Stothard kan náà ni ó gé ìrépé kékeré kan lára aṣọ náà mú lọ sílé, wọ́n dá a padà sí Bayeux ní 1872. Ẹni tó bá fẹ́ràn aṣọ lè tún jẹ́ ọ̀tá rẹ̀.)

Ohun méjì ló ṣeé ṣe nígbà náà. Ó lè jẹ́ pé láàárín 1730 àti 1816, ẹnìkan ní Bayeux ti fi òwú tuntun tún ibẹ̀ rán, tí ó sì fi ìyẹ́ sí i, tí Stothard fi rí ọfà tó pé. Ó sì lè jẹ́ pé ihò nìkan ni Stothard bá, bíi ti Benoît, tí ó sì ka àwọn ihò náà sí ọfà, tí àwọn alátùn-únṣe 1842 wá rán ohun tí wọ́n rí nínú àwòrán rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọ̀nà kejì ni, á jẹ́ pé ìwé ló di aṣọ. Èyíkéyìí tí ó bá jẹ́ òtítọ́ nínú méjèèjì, ìyẹ́ ọfà náà kò sí níbẹ̀ nígbà tí Benoît jókòó ti aṣọ náà ní 1729, tàbí kí ó ti bàjẹ́ débi pé ojú rẹ̀ kò tó o.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé Benoît lè ṣe àṣìṣe. Bẹ́ẹ̀ ni, ó ṣe àṣìṣe níbòmíràn. Ṣùgbọ́n irú àṣìṣe tí ayàwòrán tó ń kánjú máa ń ṣe ni pé kí ó fo nǹkan kọjá, tàbí kí ó sọ ohun tó fọ́ di ohun tó pé. Kò sí ẹni tó ń kánjú tí yóò jókòó máa fi àmì tótòtó ya ohun tí ó lè fi ìlà kan parí. Ẹni tó ṣe bẹ́ẹ̀ ń sọ fún wa pé òwú kò sí níbẹ̀, àti pé òun kò fẹ́ purọ́ pé ó wà.

Ihò tó wà lórí ẹni kejì

Bí ọ̀rọ̀ bá dúró síbẹ̀, ìdájọ́ kì bá tí le. Ṣùgbọ́n ihò abẹ́rẹ́ mìíràn wà lórí ọkùnrin kejì, ẹni tó ń ṣubú. Ihò wọ̀nyí tò tẹ̀léra ní ìlà kan tó dé orí rẹ̀, òwú kankan kò sì sí nínú wọn mọ́. Ní 1986 onímọ̀ kan tí ń jẹ́ David Bernstein gbé wọn jáde gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí pé ọfà kan ti wà lójú ẹni yìí pẹ̀lú rí. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ènìyàn kan náà ni àwọn ọkùnrin méjèèjì: Harold ní ìgbà tí ọfà bà á, àti Harold ní ìgbà tí idà parí rẹ̀.

Kò sí ohun àjèjì nínú kí aṣọ yìí fi ènìyàn kan hàn ní ẹ̀ẹ̀mejì nínú ìran kan. Ibi tí wọ́n ti ya ikú Ọba Edward, ẹni tó jọba ṣáájú Harold, a rí i lókè lórí ibùsùn tí ó ń bá àwọn ènìyàn rẹ̀ sọ̀rọ̀, a sì rí i nísàlẹ̀ tí wọ́n ń tọ́jú òkú rẹ̀. Nítorí náà, àlàyé Bernstein bá ìṣe àwọn tó rán aṣọ náà mu. Àwọn tó takò ó sọ pé alátùn-únṣe aláṣejù kan ní ọ̀rúndún 19 ló fi ọfà sí ẹni kejì lójú, tí wọ́n sì tú u kúrò lẹ́yìn náà. Àwọn mìíràn tọ́ka sí ìbọ̀sẹ̀ àwọn ọkùnrin méjèèjì tí àwọ̀ wọn kò bára mu, wọ́n ní ọba kò lè pààrọ̀ ìbọ̀sẹ̀ láàárín ogun. Àríyànjiyàn ìbọ̀sẹ̀ yìí kò wọ̀ mí létí, nítorí àwọn arán-aṣọ kan náà rán ẹṣin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan yàtọ̀ ní àwọ̀ sí èkejì. Àwọ̀ lọ́dọ̀ wọn jẹ́ ohun tí wọ́n fi ń ya ohun kan sọ́tọ̀ kúrò lára èkejì, kì í ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí ènìyàn wọ̀.

Wàhálà tó wà nínú ihò ni pé ihò kì í sọ ọjọ́ orí rẹ̀. Abẹ́rẹ́ ọdún 1075 àti abẹ́rẹ́ ọdún 1842 lè dá irú ihò kan náà lu ara aṣọ ọ̀gbọ̀ kan náà. Òwú ni ó ń sọ ìgbà tó wá, nípasẹ̀ ohun tí wọ́n fi pa á láró àti bí wọ́n ṣe ran án. Ibi tí òwú kò bá sì sí, ohun tó kù ni kí a wo bí ihò ṣe tò, kí a fi wé ti ibòmíràn tí ó dá wa lójú pé kò sí ẹni tó tún un ṣe.

Ohun tí àwọn òpìtàn sọ

Ìgbà yìí ni ó tó kan ìwé. Nínú àwọn tó kọ̀wé ní kété lẹ́yìn ogun, William ti Jumièges àti William ti Poitiers kò dárúkọ ọfà tó wọ ojú Harold. Ewì Látìnì kan tí wọ́n ń kà sí ti Guy, bíṣọ́ọ̀bù Amiens, sọ pé ọkùnrin mẹ́rin ló pa ọba náà, àti pé ẹni kẹrin gé e ní itan. Amatus ti Monte Cassino, tó kọ̀wé ní Ítálì ní nǹkan bí 1080, ni a rí ọ̀rọ̀ ojú lọ́dọ̀ rẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé rẹ̀ kò sí mọ́ àfi ìtumọ̀ Faransé tí wọ́n ṣe ní ọ̀rúndún 14, èyí tí ẹnikẹ́ni lè ti fi ọwọ́ kàn. Baudri ti Bourgueil sọ̀rọ̀ ọfà ní nǹkan bí 1100. Nígbà tó fi máa di nǹkan bí 1125, William ti Malmesbury ti so méjèèjì pọ̀: ọfà wọ ọpọlọ Harold, bí ó sì ti wà nílẹ̀ ni jagunjagun kan fi idà ṣá a ní itan, ìwà tí inú bí Dúùkù William sí débi pé ó yọ ẹni náà kúrò nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀.

Ẹni tó bá fi èyí wé aṣọ náà yóò rí i lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé itan ni ẹ̀rí ìwé àti ẹ̀rí òwú ti pàdé. Ewì tí wọ́n kà sí ti Guy mẹ́nu kan itan, Malmesbury mẹ́nu kan itan, idà ẹlẹ́ṣin sì wà ní itan ọkùnrin kejì, lábẹ́ ọ̀rọ̀ tó sọ pé wọ́n ti pa á. Kò sí ẹni tó tíì sọ pé wọ́n fi ibẹ̀ kún un lẹ́yìn náà. Ọ̀rọ̀ ọfà ni ó ń lágbára sí i bí ọdún ti ń gorí ọdún, tí ó fi jẹ́ pé nígbà tó máa fi di ọ̀rúndún 18, gbogbo ẹni tó kàwé ló ti mọ̀ ọ́n. Ẹ wá fojú inú wo ẹni tí wọ́n gbé abẹ́rẹ́ fún láti tún ibẹ̀ rán. Ihò mélòó kan ló wà níwájú rẹ̀, tí wọ́n tò tẹ̀léra lọ sí ojú ọkùnrin kan, orúkọ Harold sì wà lókè. Kò ní í ronú jìnnà kí ó tó mọ ohun tí yóò rán.

Àwọn kan tún ti gbé ìtumọ̀ tó jinlẹ̀ lé ọfà náà lórí: wọ́n ní ohun ìjà tó wọ ojú jẹ́ àmì ìjìyà ẹni tó búra èké, àti pé aṣọ náà ń fi bẹ́ẹ̀ dá Harold lẹ́bi nítorí ìbúra tó ṣe fún William, èyí tí wọ́n rán sí apá ìṣáájú aṣọ kan náà. Àlàyé náà dùn létí. Ṣùgbọ́n a kò lè fi ọfà tí a kò tíì mọ ìgbà tó dé ibẹ̀ ṣe òpó ilé tó tóbi tó báyìí.

Ibi tí mo fi ìdájọ́ sí

Lójú tèmi, ọkùnrin kejì ni Harold, ohunkóhun tí ẹni àkọ́kọ́ ì báà jẹ́. Gbólóhùn tó wà lókè rẹ̀, ọgbẹ́ itan rẹ̀, àti bí ìwé tó pẹ́ jù ṣe bá a mu, gbogbo rẹ̀ ló fìdí èyí múlẹ̀. Ní ti ẹni àkọ́kọ́, mo gbà pé ìlà kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí ọwọ́ rẹ̀ tó gbé sókè ń di nǹkan kan mú, àtúnṣe kankan kò sì fi ọwọ́ yẹn síbẹ̀. Gígùn tí Benoît fún ìlà náà àti àìsí ìyẹ́ mú kí n gbè sẹ́yìn ọ̀kọ̀ ju ọfà lọ. Ìyẹ́ tó wà níbẹ̀ nísinsìnyí jẹ́ iṣẹ́ ẹni tó dé lẹ́yìn. Èmi kò rí ìdí tí a ó fi sọ ìyẹn di ẹ̀sùn jìbìtì. Ẹni náà rò pé òun ń dá ohun tó bàjẹ́ padà sípò ni, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ alátùn-únṣe ti ń rò títí di òní.

Ohun tó lè yí èrò mi padà wà lẹ́yìn aṣọ náà. Níwájú, òwú tuntun àti òwú àtijọ́ lè jọra; lẹ́yìn, bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ òwú, bí wọ́n ṣe parí rẹ̀ àti ibi tí wọ́n ti fò láti àwòrán kan dé èkejì máa ń tú àṣírí ọwọ́ tó ṣe é. Nígbà tí àwọn amòye yẹ aṣọ náà wò ní 2020, wọ́n ka àbàwọ́n 24,204, ibi tó ti hunjọ 16,445, ibi tí aṣọ tàbí òwú ti jábọ́ 9,646, àti ibi 30 tó ti fàya tí wọn kò tíì dì mú. Ẹni tó bá ka iye wọ̀nyí yóò lóye ìdí tí kò fi rọrùn láti yí irú aṣọ bẹ́ẹ̀ síhìn-ín sọ́hùn-ún nítorí ìbéèrè kan. Ní oṣù Ọwẹ́wẹ̀ ọdún 2025 ni wọ́n gbé e kúrò ní ibi tó ti wà láti 1983, nítorí pé wọ́n fẹ́ tún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà kọ́, ìjọba ilẹ̀ Faransé sì gbà láti fi yá British Museum ní London láti 2026 di 2027. Ní ọdún 2025 kan náà ni ìròyìn jáde pé wọ́n rí ìrépé aṣọ ọ̀gbọ̀ tó wá láti ẹ̀yìn rẹ̀ nínú ilé àkójọ ìwé ẹkùn Schleswig-Holstein ní Jámánì, lára ohun tí Karl Schlabow fi sílẹ̀, ọ̀kan lára àwọn tí àjọ Násì kan rán lọ yẹ aṣọ náà wò ní 1941.

Ẹ̀dà kan wà tí ó yẹ kí n dárúkọ kí n tó dákẹ́. Ní 1885 àti 1886, Elizabeth Wardle kó obìnrin bíi 35 jọ ní ìlú Leek nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì rán odidi aṣọ Bayeux mìíràn pẹ̀lú òwú irun àgùntàn tí ọkọ rẹ̀, Thomas Wardle, pa láró. Wọn kò lo aṣọ ti Bayeux gan-an láti fi ṣe àwòṣe. Fọ́tò tí wọ́n fi ọwọ́ kùn ní South Kensington Museum ni wọ́n tẹ̀ lé, fọ́tò tí wọ́n yà ní nǹkan bí 30 ọdún lẹ́yìn àtúnṣe 1842. Ẹ̀dà náà wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Reading títí di òní. Nínú rẹ̀, ọfà wà lójú ọkùnrin àkọ́kọ́, ó pé, ó sì mọ́. Obìnrin kọ̀ọ̀kan sì rán orúkọ ara rẹ̀ sí abẹ́ ibi tí ó ṣe.